Ẹ́ńjìnnì Sienna nínú Toyota MR2 1991: bí iṣẹ́ náà ṣe lọ

Orí Westheimer ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kú, nínú gosíló, oòrùn Houston ti oṣù Kẹjọ tí kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni yẹn, mo kàn ṣàdédé rí i pé ọwọ́ tẹmpiréṣọ̀ ti gun òkè kọjá ibi tó máa ń dúró sí, kí n tó rí ibi tí mo máa yà sí, èéfín funfun ti gba gbogbo ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ̀yìn ni mo wí o, torí MR2 ni, mọ́tò eré kékeré Toyota tó jẹ́ oníjòkòó méjì, ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, rádíétọ̀ àti táyà sípíà lẹ máa bá ńbẹ̀.

Nígbà tí mo tú u, hóòsì omi kékeré kan tó fara pamọ́ sábẹ́ intake, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ló ti gbó tó sì bẹ́. Àwọn tó ní MR2 turbo mọ hóòsì yìí dáadáa, inú kọ̀rọ̀ ló wà, ọwọ́ kì í dé bẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò sẹ́ni tó ń rántí pààrọ̀ ẹ títí á fi bẹ́. Omi ti tán, top cylinder ti tẹ̀, bẹ́arín ìsàlẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. 3S-GTE ni ẹ́ńjìnnì náà, 2.0 tó ní turbo (ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín ti atẹ́gùn púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì), 200 horsepower nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Mọ́tò náà pupa, T-top ni òrùlé ẹ̀, gíláàsì méjì tí èèyàn lè yọ kúrò kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i lórí.

Mo fẹ́ràn mọ́tò yìí gan-an. Ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi n'Íbàdàn, wọ́n wọ́ ọ̀kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan, dúdú ni tiwọn, gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ la fi iṣẹ́ ọwọ́ wa sílẹ̀ tá a lọ yí i ká, a ò tíì rí mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn tí kì í ṣe Volkswagen ìjàpá. Ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ sínú ara mi pé tí Ọlọ́run bá ṣe é, èmi náà á ní in. Ìyẹn ló jẹ́ pé nígbà tí ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbí sọ pé 5,500 dọ́là lòun máa gbà, ìyẹn láì tíì ka turbo o, mi ò lè sọ pé kí n tà á, mi ò sì rí owó yẹn kó lélẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí hóòsì kan ṣoṣo tún lè pa lọ́jọ́ mìíì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo 2GR nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ́ńjìnnì tí mo ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ti jókòó sẹ́yìn ẹ̀ láti Èkó lọ sí Benin, lọ sí Onitsha, ẹ ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. 2GR-FE. Òun ló wà nínú Sienna láti 2007, òun ló wà nínú Camry Muscle tó bá jẹ́ V6, òun ló wà nínú Highlander 2008, Avalon, Venza V6, Lexus RX 350, ES 350. 3,456 cc, síláńdà mẹ́fà tó fẹ̀ bí V, àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, ṣéènì ló fi ń yí káàmù kì í ṣe bẹ́líìtì, VVT-i, ètò tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, wà lórí intake ó sì tún wà lórí exhaust. Nínú Camry 2007, 268 horsepower ni, láìsí turbo, láìsí kinní kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, ó sì lágbára ju ẹ́ńjìnnì turbo tí wọ́n fi sí mọ́tò eré lọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń rò ó pé ẹ́ńjìnnì Sienna ò yẹ mọ́tò eré, kó lọ wo Lotus. Nígbà tí wọ́n ṣe Evora jáde ní 2009 ní ìlú Ọba, 2GR-FE yìí gan-an ni wọ́n lọ mú lọ́wọ́ Toyota, wọ́n gbé e ní ìbú sẹ́yìn ìjókòó bó ṣe máa wà nínú MR2 gẹ́lẹ́, nígbà tó yá wọ́n fi supercharger, ẹ̀rọ mìíì tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, kún un, wọ́n tún gbé e sínú Exige. Èmi ò fojú kéré ẹ́ńjìnnì náà látìgbà tí mo ti mọ̀ yẹn.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé ṣe fún èèyàn bíi tèmi tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ilé ni pé ojú ibi tí gíà ti ń pàdé ẹ́ńjìnnì, bóòtù inú 3S àti ti 2GR bára mu. Gíà E153 tó wà lára MR2 turbo látilẹ̀ wọ 2GR láìsí pé èèyàn ń gé irin kankan. Gíà náà le, ó lè gbé agbára yẹn. Ẹni tó bá ní MR2 tí kì í ṣe turbo ló máa wá gíà àti ṣáàfùtù mìíì, torí gíà tiwọn ò nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án, rírà

Júńkì yáàdì kan, ibi tí wọ́n ń kó mọ́tò tó ti bàjẹ́ sí, ni mo ti rí i, Sienna 2008, ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá a, búùtù ti wọlé dé ìjókòó kejì ṣùgbọ́n iwájú ò fara pa rárá. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá. Èyí tí wọ́n bá gbá níwájú, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín bóyá ẹ́ńjìnnì ti fara gbá nínú ẹ̀.

Ohun tí ọ̀gá mi máa ń ṣe ní Gate n'Íbàdàn tá a bá lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà ni mo ṣe. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, mo ti ìka bọ inú ẹ̀ bóyá ọ̀dà dúdú ti dì síbẹ̀ tàbí ó ti funfun bíi mílíìkì, ó mọ́. Mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́ta iwájú, àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣì fúyẹ́ ni gbogbo wọn ní, kò séyìí tó tutù fún ọ́ìlì. Mo fi spánà gbá pulley ìsàlẹ̀ mú, mo yí i lọ́wọ́ yípo méjì, kò há níbì kankan. Mo wá tẹ̀ ba wo abẹ́ water pump, ibẹ̀ ni mo ti bá ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú tó gbẹ bí iyọ̀, coolant pupa ló ń jò díẹ̀díẹ̀ tó ń gbẹ mọ́ ọn. Water pump 2GR máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé èèyàn sá, mo fi já owó ẹ̀ wálẹ̀ ni. 700 dọ́là, pẹ̀lú wáyà ara ẹ̀, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), pẹ́dàlì accelerator àti alternator. Nǹkan méjì ni mo gbàgbé sínú Sienna yẹn lọ́jọ́ náà, ẹ máa gbọ́ nípa wọn níwájú.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí páìpù kan. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé 2GR wọ mọ́tò kankan, àti ẹni tí ẹ́ńjìnnì náà ti wà nínú Camry tàbí Sienna ẹ̀ látilẹ̀ pàápàá, ẹ wo páìpù ọ́ìlì VVT-i, lápá ibi tí pulley wà. Ti àwọn 2GR àkọ́kọ́, irin ni lójú méjèèjì, rọ́bà ló wà láàárín. Rọ́bà yẹn máa ń gbó nínú ooru, ọjọ́ tó bá sì bẹ́, ọ́ìlì á dà síta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gan mọ́ onímọ́tò lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Toyota ṣètò nígbà náà ní Amẹ́ríkà láti máa fi èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ti kó wọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó ṣe é fún ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan iná wò ó. Páìpù onírin náà ò wọ́n, tèmi ò tó 60 dọ́là, rọ́bà tí mo yọ kúrò níbẹ̀ ti ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Yíyọ èyí tó ti kú

Ẹ́ńjìnnì MR2 yìí, ìsàlẹ̀ ló rọrùn jù láti gbà jáde. Èèyàn máa gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè dáadáa, á sọ ẹ́ńjìnnì àti gíà kalẹ̀ pa pọ̀ sórí pákó tó ní táyà, á wá fà á jáde látẹ̀yìn. Ó gbà mí ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn bóòtù ìsàlẹ̀ ti dípẹtà, ọdún tó ti lé ní ọgbọ̀n, mo fọ́n ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí wọn ní alẹ́ Ọjọ́rú, mo tún fọ́n ọn ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó fi máa di Sátidé ọ̀pọ̀ wọn ti gbà, méjì péré ni mo fi iná yáná.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí mi ò ní fi ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú ìwúwo mọ́tò yìí, ẹ̀yìn ló wà. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ tán, iwájú lá wá wúwo jù, mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ lórí stand lè dorí kodò síwájú. Mo ti kà á tẹ́lẹ̀, mo sì ti fi stand méjì kún iwájú, síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì fi ara mọ́tò sílẹ̀ mo rí i bó ṣe mì. Ọmọ mi ọkùnrin wà ńtòsí, ọmọ ọdún 14 ni, mo ní kó bọ́ síta pátápátá títí mo fi ti gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn.

Gbogbo wáyà tí mo tú, mo lẹ téèpù mọ́ ọn, mo kọ ibi tó ń lọ sí i lára. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé orí.

Oṣù Kẹwàá, ẹ́ńjìnnì nílẹ̀

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà lórí stand tí ọwọ́ ń dé gbogbo ibi, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe gbogbo nǹkan tó máa nira lẹ́yìn ọ̀la. Water pump tuntun, thermostat, oil seal ẹ̀yìn, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè méjèèjì, púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ẹ̀yìn Camry V6 rí mọ ohun tí mò ń sọ, intake gbọ́dọ̀ kúrò kí ọwọ́ tó débẹ̀. Nínú MR2 ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìjókòó ló máa fara pamọ́, ìyà kan náà ni. Púlọ́ọ̀gì iridium ni mo fi sí i kó lè pẹ́.

Kílọ́ọ̀ṣì tuntun, flywheel tí wọ́n ṣe fún ìpààrọ̀ yìí gan-an, torí Sienna tí ẹ́ńjìnnì ti wá, ọ̀tọ́mátíìkì ni, kò ní flywheel tí kílọ́ọ̀ṣì lè fara tì.

Mo gbé gíà mọ́ ẹ́ńjìnnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé wọ̀ọ̀, bóòtù kọ̀ọ̀kan bá ihò ẹ̀ pàdé. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì mo kàn ń wò ó. Gíà 1991, ẹ́ńjìnnì 2008, bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti jọ jáde lọ́jọ́ kan náà.

Engine seat

Ibí ni mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Àwọn kan wà tó ń ta engine seat, irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì máa ń jókòó lé, tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún 2GR nínú MR2. Mo fẹ́ tọ́jú owó, mo ní wẹ́dà kan tó mọṣẹ́ ládùúgbò, mo ní ká kúkú ṣe é fúnra wa. A so ẹ́ńjìnnì rọ̀ sínú àyè ẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì, mo fi rúlà wọn ibi tí seat máa jókòó sí, wẹ́dà gé irin, ó jó o pọ̀, ó dára lójú. Nígbà tá a tú ṣéènì tí ẹ́ńjìnnì wá fi gbogbo ìwúwo ẹ̀ jókòó sórí rọ́bà, ó rì sílẹ̀ lápá gíà tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀. Ìyẹn lè dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ṣáàfùtù ọ̀tún ò wá wọlé gbọọrọ mọ́, ó ń wọlé ní ìpẹ́kọrọ, pulley ìsàlẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha irin ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ìka mi ò lè kọjá láàárín wọn.

Kì í ṣe wẹ́dà ló ṣẹ̀, èmi ni mo wọ̀n ọ́n nígbà tí ṣéènì ṣì gbé e dání. Rọ́bà gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ kí èèyàn tó wọn nǹkan. Lẹ́ẹ̀kejì, a fi jáàkì àti pákó gbé ẹ́ńjìnnì sí ibi tó yẹ kó wà, ṣáàfùtù méjèèjì ti wọlé tán, ọ̀pá gíà ti so, mo jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú lórí rọ́bà kí ohun tó bá máa rì ti rì tán, lẹ́yìn náà la tó wá gé irin. Ìgbà yẹn ló jókòó. Pulley ń yí, àyè wà, ṣáàfùtù gbọọrọ.

Steering ò dá mi láàmú. Ti MR2 yìí, iná mànàmáná ló ń wa pọ́ǹpù ẹ̀, iwájú ló sì wà, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, torí náà mo yọ pọ́ǹpù steering Sienna kúrò, mo fi pulley kan tó kàn ń yí lásán sí àyè ẹ̀ kí fan belt lè rí ibi gbà. Ìdérí ike orí ẹ́ńjìnnì náà ò jẹ́ kí ìdérí ẹ̀yìn pa dé, mo yọ ọ́ kúrò, mi ò sì fi padà.

Epo

Táǹkì epo MR2 yìí, àárín gbùngbùn mọ́tò ló wà, ó gùn láàárín ìjókòó méjèèjì bí àpótí. Epo ń lọ sẹ́yìn, èyí tó bá ṣẹ́kù ń padà wá sínú táǹkì. Ẹ́ńjìnnì Sienna ò mọ ọ̀rọ̀ ìpadàwá yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni tiẹ̀ ní, inú táǹkì ni wọ́n ti ń ṣèdíwọ̀n pressure ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù MR2 á máa ti epo wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi regulator kan, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n pressure epo, sáàárín, epo wọ ibẹ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì ò bá nílò gba páìpù àtijọ́ padà sí táǹkì. Mo so gauge mọ́ ọn, mo yí i títí ó fi dúró lórí 47 psi, torí 44 sí 50 ni 2GR fẹ́. Pọ́ǹpù àtijọ́ tó, wọ́n ti fi bọ́ turbo rí.

Oṣù Kejìlá, wáyà

Mi ò kì í ṣe réwáyà, mẹkáníìkì ni mí, nítorí náà mo lọ́ra lórí eléyìí. Alẹ́ tó tó ogún ni mo fi wà nídìí wáyà, mo tẹ́ wáyà Sienna sórí tábìlì, mo tẹ́ ti MR2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo tẹ àwòrán wáyà méjèèjì jáde sórí pépà, mò ń fi máákà kun èyí tí mo bá ti so. Ohun tí kò kan ẹ́ńjìnnì, bíi ti gíà ọ̀tọ́mátíìkì, mo yọ wọ́n kúrò. Accelerator 2GR ò ní kébù, wáyà ló ń sọ fún throttle, ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, pé kó ṣí, ìdí tí mo fi mú pẹ́dàlì Sienna wá nìyẹn, wẹ́dà ṣe irin kékeré kan tó fi jókòó síbi tí pẹ́dàlì MR2 wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kejì oṣù náà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí! Ó dún, ó dán, ìyàwó mi sáré jáde láti kíṣìnì. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà gáréèjì, ẹ́ńjìnnì ti kú. Mo tún yí i, ó tún jí, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí. Mo yẹ epo wò, 47. Mo yẹ iná wò, ó wà. Mo tú throttle, mo nù ún, mo dá a padà, pàbó ni.

Agogo méjì ọ̀sán ni níbí, ó ti di mẹ́sàn-án alẹ́ nílé. Mo pe ọ̀gá mi.

“Ẹ káalẹ́ sà, ọ̀gá. Ẹ máà bínú pé mo pè lálẹ́.”

“Ká ṣe é o, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́? Kí ló dé?”

Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Tó bá jí, á tó ìgbà wo kó tó kú?”

“Kò ju kéèyàn ka ení, èjì lọ sà.”

“Tó o bá tún sítáàtì ẹ̀, á tún jí?”

“Ó ń jí sà, á tún kú.”

“Fi epo sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ Sienna yẹn dà?”

Ara mi tutù. Kọ́kọ́rọ́ Sienna àti àpótí immobilizer ẹ̀, èyí tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ kí olè má bàa gbé mọ́tò, nǹkan méjì tí mo sọ pé mo gbàgbé sí júńkì yáàdì nìyẹn. Brain box ń wá kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀, kò rí i, ó sì ń pa epo. Ọ̀gá mi ní irú ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn tó bá ra brain box tòkunbọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, á jí á kú, á jí á kú. Wọ́n ò tíì fọwọ́ kan MR2 rí ju ọ̀kan tó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí lọ, wọ́n sì wà ní òdìkejì òkun, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tó ń dùn ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí.

Mo padà sí júńkì yáàdì ní Mọ́ńdè, wọ́n ti tẹ Sienna náà rún. Mo wá rí ẹnì kan tó ń pa immobilizer rẹ́ nínú brain box, mo fi ránṣẹ́ sí i, 120 dọ́là, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Ọjọ́ tó dé, mo so ó, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí, kò sì kú mọ́. Mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Rev counter, gauge tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ò kọ́kọ́ sọ òótọ́. Síláńdà mẹ́rin ló mọ̀ láti 1991, mẹ́fà la wá so mọ́ ọn, ó ń ka iye tó pọ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín tó ń tún un kà fún un, mo fi sí i, ó dáa.

Omi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi mọ́tò hó rí, ẹ fara balẹ̀ ka ibí. Rádíétọ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, páìpù omi gígùn méjì ló gba abẹ́ mọ́tò kọjá láàárín wọn, ju lità mẹ́wàá lọ ló ń gbà. Tí atẹ́gùn bá há sínú páìpù yẹn, omi ò ní yí po, ẹ lè da omi kún ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ rò pé ó ti kún, ó sì ṣófo láàárín. Ibi tí wọ́n ṣe fún títú atẹ́gùn jáde wà lára rádíétọ̀ níwájú, òmíì tún wà lára heater. Mo so hóòsì tó mọ́ gaara mọ́ méjèèjì, mo gbé ẹnu hóòsì sókè ju gbogbo ibi lọ, mo ṣí heater dé òpin, mò ń da omi díẹ̀díẹ̀, mò ń wo bí atẹ́gùn ṣe ń jáde. Mo ṣe é lọ́jọ́ kìíní, mo jẹ́ kó tutù, mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn ṣì ń jáde. Ọjọ́ kẹta ló tó dá. Hóòsì omi gbogbo, tuntun ni mo fi sí i, kò séyìí tó dàgbà ju ọdún kan lọ nínú mọ́tò yẹn mọ́.

Sàléńsà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páìpù láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé lábẹ́ gíà, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n jáde lẹ́yìn. Mo fi aṣọ tó ń dá ooru dúró wé èyí tó sún mọ́ ìjókòó.

Oṣù Kìíní, wíwà á

Mo kọ́kọ́ wà á nínú àdúgbò ní Alief láàárọ̀ Sọ́ńdè kí àwọn èèyàn tó jí, mi ò kọjá 30 mph, mò ń dúró ní gbogbo ìgbà mò ń tẹ̀ ba wo abẹ́ ẹ̀. Kò jò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbé e jáde sí Beltway 8, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí Houston ká.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti turbo àtijọ́ ni pé turbo máa ń ní kó o dúró ná, á mí, lẹ́yìn náà lá wá tì ọ́. Eléyìí kì í ní kó o dúró. Láti 2,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló ti ń fà, bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń lọ, tó bá ti kọjá 4,500 ohùn ẹ̀ á yí padà, á wá dún bí nǹkan tí kò jọ Sienna rárá. Lórí gíà karùn-ún ní 70 mph, bíi 3,100 ló ń yí, gíà turbo ti kúrú díẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó nípọn báyìí, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn. Epo 87 lásán, irú èyí tí kò wọ́n, ló ń mu, turbo àtijọ́ ò jẹ́ gbà á.

Mo ń ṣọ́ra fún un o. MR2 1991 àti 1992 lórúkọ pé tó o bá fẹsẹ̀ kúrò lórí accelerator lójijì nínú kọ́nà, ẹ̀yìn ẹ̀ lè yọ wá síwájú kó o tó mọ̀, Toyota ṣàtúnṣe suspension ẹ̀ fún 1993. Agbára tèmi ti wá pọ̀ sí i, nítorí náà kí n tó wà á rárá ni mo ti pààrọ̀ gbogbo bushing ẹ̀yìn, mo ra táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn fẹ̀ ju iwájú. Mi ò gbé e jáde nínú òjò, òjò Houston sì pọ̀.

Lọ́rọ̀ ìwé, Harris County, àgbègbè tí Houston wà, ń ṣe emission test, ìyẹn àyẹ̀wò èéfín mọ́tò, ṣùgbọ́n ní Texas mọ́tò tó bá ti ju ọdún 24 lọ kò sí nínú ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí nípa ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo owó tí mo ti ná, ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì, flywheel, wẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì, brain box, hóòsì, táyà, ó dín díẹ̀ ní 4,300 dọ́là. Wákàtí tí mo lò, mi ò kà á.

Ibi tó dé báyìí

620 máìlì ló ti rìn. Mo da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù ní 500, mo gé fíútà wò, kò sí irin nínú ẹ̀. Water pump gbẹ, páìpù ọ́ìlì VVT-i gbẹ. Gíà kejì ṣì ń wúwo láàárọ̀ tí otútù bá mú, mo fura sí ọ́ìlì gíà, màá pààrọ̀ ẹ̀.

AC ló kù. Compressor Sienna wà lára ẹ́ńjìnnì, páìpù MR2 wà lábẹ́ mọ́tò, ẹnu wọn ò bára mu, gáàsì R-12 àtijọ́ ni wọ́n sì ṣe ti MR2 fún, gbogbo rọ́bà ìdè inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí n tó fi R-134a sí i. Ẹni tó ń ṣe hóòsì AC ti wọn gbogbo ẹ̀, ó ní kí n gbé mọ́tò wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọ mi ló máa bá mi gbé e lọ, ó ti yọ gíláàsì T-top méjèèjì sílẹ̀ látàárọ̀ òní.